Platyforos: níbo gan-an ni gbàgede àtijọ́ ìlú Zakynthos wà?

Ayọ̀_Máàpù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ìlú Zakynthos ni mo gbé wá, ìlú èbúté tó wà ní erékùṣù tí wọ́n ń pè bákan náà, nínú Òkun Ionia, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gíríìsì. Àwòrán mẹ́ta ló wà níwájú mi, káàdì àtijọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n ti wà kí ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kẹjọ 1953 tó wó ìlú náà. Wọ́n kọ "San Marco" sára ọ̀kan, "Platyforos" sára èkejì, òkun sì hàn lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Máàpù kan tún wà láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ lé orí àwòrán sátẹ́láìtì tòní, igun gbàgede náà kò bára wọn mu. Ṣé gbàgede méjì ni àbí ọ̀kan? Àbí wọ́n ti ṣí i nípò?

Ìyá_Àkójọ

Ayọ̀, o kú iṣẹ́. San Marco àti Platyforos, ibì kan náà ni. "Platys" lédè Gíríìkì ni fífẹ̀, "foros" sì wá láti inú "forum" àwọn ará Róòmù, ìyẹn ojúde ọjà. Ojúde tó fẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń pè é. San Marco wá láti ara ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó dojú kọ ọ́.

Èyí tó ní òkun lẹ́yìn ló dà ọ́ lójú rú. Gbàgede Solomos lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú sí níbẹ̀. Etí omi gan-an ni ìyẹn wà, ṣọ́ọ̀ṣì Agios Nikolaos tou Molou sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Platyforos wọ inú ìlú díẹ̀, ilé yí i ká, ó kéré, ó sì ní igun mẹ́ta. Àwọn tó ń ta káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ìdí tí ọkàn ìlú fi wà ní ibi igun mẹ́ta yẹn: òkè Bochali, nínú odi, ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Venice, ìlú kan ní Ítálì, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1480, tó sì parí ní 1797, àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí òkun díẹ̀díẹ̀. Aigialos ni wọ́n ń pe ibi tuntun náà, etíkun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òwò èso àjàrà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sá gbẹ ló fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, torí ẹni tó ń kó ẹrù lọ sínú ọkọ̀ ojú omi kò ní máa gun òkè lójoojúmọ́. Zante ni àwọn ará Venice ń pe erékùṣù náà, orúkọ yẹn ṣì wà lára èso àjàrà gbígbẹ yìí nínú ọjà Amẹ́ríkà títí dòní.

Ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọlọ́lá wà nítòsí Platyforos, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìlú ti máa ń gbóná. Ní 1797 tí Venice ṣubú tí àwọn ọmọ ogun Faransé dé, wọ́n gbé Libro d'Oro wá sí ojúde yẹn, wọ́n sì dáná sun ún. Libro d'Oro ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìdílé àwọn ọlọ́lá sí. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Kí o tó lè mọ bí èyí ṣe dun àwọn mẹ̀kúnnù tó, rántí pé wọ́n ti dìde sí àwọn ọlọ́lá wọ̀nyí láti 1628, nínú ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti àwọn Popolari.

Kọ́lá_Onímọ̀lé

Ẹ ṣé, Ìyá. Kí n fi ti ilé kún un, torí ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe mọ ilé ibẹ̀ kò ní lóye ohun tó sọnù.

Fojú inú wo ògiri kan tó wà létí gbàgede yẹn. Ó nípọn, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tó lè mì ín. Ṣùgbọ́n bí o bá là á láàárín, ìpele méjì ni: òkúta gbígbẹ́ níta, òkúta mìíràn nínú, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹfun pípò di àárín wọn. Níbi tí kò bá ti sí òkúta gígùn tó gba ìta kọjá sí inú, kò sí ohun tó so ìpele méjèèjì pọ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, òkúta wẹ́wẹ́ àárín á máa rọ̀ sísàlẹ̀, á máa ti ìpele ìta síta bí àpò ìrẹsì tó fẹ́ bẹ́. Ìpele ìta á wó sójú pópó, inú á ṣì dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ti àjà ló burú jù. Orí igi àjà kàn jókòó sínú ihò tí wọ́n dá sára ògiri ni, kò sí irin tó dè é mọ́ ibẹ̀. Ògiri á tẹ̀ síta, orí igi á yọ, pákó ilẹ̀ òkè á já lu ti ìsàlẹ̀. Òrùlé amọ̀ sísun tún wúwo lókè gbogbo rẹ̀. Níbi tí ìsàlẹ̀ ilé bá ti jẹ́ òpó àti àkọ̀ro, ìyẹn ògiri tó tẹ̀ bí ọrun, tí èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ṣófo, òkè wúwo.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ilẹ̀ mì o. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 11, lẹ́yìn náà ọjọ́ 12 tó le jù, tí wọ́n wọ̀n sí nǹkan bí 7.2. Ti àkọ́kọ́ la ògiri, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ya á, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wó o. Nínú ilé 33,300 tó wà ní erékùṣù Kefalonia, Zakynthos àti Ithaca, 27,659 ló wó. Ìdí tí òkú kò fi pọ̀ tó bí ilé tó wó ṣe pọ̀ ni pé ìmìtìtì méjì àkọ́kọ́ ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbangba. Ní Kefalonia, apá kan ilẹ̀ gbéra sókè ju ìdajì mítà lọ, etíkun di òkúta gbígbẹ.

Túndé_Èbúté

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, nígbà náà ìmìtìtì ilẹ̀ ló pa gbàgede náà, ọ̀rọ̀ ti parí?

Kọ́lá_Onímọ̀lé

Rárá, àbúrò. Ìmìtìtì wó o, iná ló jẹ ẹ́ tán. Ohun tó wó ṣeé tún tò, bí òkúta bá ṣì wà níbi tó bọ́ sí. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì Agios Nikolaos tou Molou mọ lẹ́yìn 1953. Ohun tó jóná kò ní bẹ́ẹ̀.

Ti ọjọ́ 12 dé kí ọ̀sán tó pọ́n, nígbà tí iná oúnjẹ ti wà nínú ààrò. Pákó àjà, ìlẹ̀kùn, igi òrùlé, gbogbo rẹ̀ já lu iná. Bí òrùlé àti ògiri bá ti wó, igi gbígbẹ tí òkúta bò tẹ́lẹ̀ á wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ẹ. Omi kò sí torí ọ̀pá omi ti já. Ọkọ̀ kò lè wọlé torí ojú pópó kún fún òkúta títí dé àjà kìíní. Ọjọ́ mélòó kan ni ìlú fi jó.

Lára àwọn ilé tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà pé ó dúró: ṣọ́ọ̀ṣì Agios Dionysios, ilé báńkì National Bank of Greece, àti ilé ìwé kan ní àdúgbò Ammos. Ẹ wo Agios Dionysios yẹn dáadáa. 1948 ni wọ́n parí rẹ̀, kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ ni, wọ́n sì ti ro ti ìmìtìtì ilẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún márùn-ún péré ló fi ṣáájú. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ tó lè gba ìlú là ti wà ní ìlú náà kí àjálù tó dé.

Ìyá_Àkójọ

Èyí tó ń dun èmi jù nínú iná yẹn ni ìwé. Ilé ìpamọ́ ìwé ìlú jóná: ìwé àdéhùn ilé, ìwé ogún, ìwé ìgbéyàwó, ti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Òkúta gbàgede lọ, ìwé tó sọ ẹni tó ni òkúta náà tún lọ tẹ̀lé e. Nítorí náà, Ayọ̀, má wá ẹ̀rí Platyforos sí Zakynthos nìkan. Wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí.

Ti ìgbà Venice: ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Venice, níbi tí lẹ́tà àwọn aláṣẹ tí wọ́n fi ń jẹ́ Provveditore wà. Ti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì, 1809 sí 1864: Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, wá CO 136, ti Erékùṣù Ionia ni gbogbo àkójọ yẹn. Corfu náà ṣe pàtàkì torí ibẹ̀ ni olú ìlú gbogbo erékùṣù wọ̀nyí wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí ìwé o. Ní Venice, oṣù Kẹta ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí "15 January 1645 m.v." (more veneto, ìyẹn bí àṣà Venice), 1646 ni lójú tiwa. Kàlẹ́ńdà àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì tún fi ọjọ́ 11 wà lẹ́yìn tiwa ní ọ̀rúndún 18, ọjọ́ 12 ní ọ̀rúndún 19, ọjọ́ 13 láti 1900. Oṣù Kejì 1923 ni ìjọba Gíríìsì tó yí i padà. Èèyàn lè ka ìròyìn kan náà nínú ìwé méjì kí ó rò pé ìmìtìtì ilẹ̀ méjì ni wọ́n ń sọ. Ní 1893, ìmìtìtì méjì gidi ṣẹlẹ̀ ní Zakynthos láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ka ìwé láìwo kàlẹ́ńdà ti ń sọ méjì di mẹ́rin.

Ṣadé_GIS

Ó kù ti máàpù. Ayọ̀, ó dá mi lójú pé ibi tí o ti kan ìṣó ni kò dára. Ìṣó ni mò ń pe àwọn àmì tí o fi ń so máàpù àtijọ́ mọ́ ti òní. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù, àmì mẹ́ta ló kéré jù fún ìyípadà tí wọ́n ń pè ní Polynomial 1, ṣùgbọ́n bí o bá lo mẹ́ta péré, ẹ̀rọ á sọ pé àṣìṣe kò sí, torí kò ní ohun tó lè fi yẹ̀ ọ́ wò. Lo mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fọ́n ká gbogbo máàpù. Bí gbogbo wọn bá tò sórí ìlà kan lẹ́bàá omi, apá òkè á yí.

Àmì tó ṣeé gbára lé: igun odi ilé olódi lókè Bochali, torí odi Venice náà ṣì wà, àti Agios Nikolaos tou Molou, torí ojú ibi tó wà ni wọ́n ti tún un mọ. Àmì tí kò ṣeé gbára lé ni wọ̀nyí:

Etí omi. Má fọwọ́ kàn án rárá. Erékùṣù kékeré ni Agios Nikolaos wà nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ kọ́ ọ ní 1561, afárá ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Lónìí orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà. Etí omi ti rìn síwájú.

Ṣọ́ọ̀ṣì San Marco. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn 1953 ni wọ́n mọ ọ́n. Bí o bá kan ìṣó mọ́ igun rẹ̀, o ti sọ pé igun tuntun bá ti àtijọ́ mu, ohun tí o sì fẹ́ wádìí gan-an nìyẹn.

Agios Dionysios. 1948 lẹ̀gbọ́n Kọ́lá sọ. Máàpù ìgbà Gẹ̀ẹ́sì kò lè ní ilé yẹn nínú.

Tún wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ máàpù. Ẹsẹ̀ bàtà Venice jẹ́ 34.77 sẹ̀ǹtímítà, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 30.48. Lórí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, ó fi mítà mẹ́rin lé díẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn sì tó fẹ̀ bí òpópónà kan. Passo kan ní Venice jẹ́ ẹsẹ̀ márùn-ún. Ohun mìíràn tó ń fa ìṣòro ni òkè: bí ẹni tó wọn ilẹ̀ bá fa okùn rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìṣe ìyọkúrò, ọgọ́rùn-ún mítà lórí ibi tó dà ní ìwọ̀n 20 dìgírì jẹ́ 94 péré lórí máàpù. Nítorí náà igun odi òkè lè fa gbogbo ìlú sẹ́yìn. Bí àṣìṣe ibẹ̀ bá pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, má fipá mú un. Gé máàpù sí méjì, kí o so ìlú ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀.

Ayọ̀_Máàpù

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ẹ kú làákàyè. Igun San Marco mẹ́ta ni mo kan ìṣó mọ́, etí omi méjì. Mo ti yọ gbogbo wọn. Gbàgede náà ti padà sáàárín àwọn òpópónà tó yẹ kó wà. Ó ku pé ìlà ojú ilé àtijọ́ wọ inú òpópónà òní lápá kan.

Ṣadé_GIS

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún ìlú ṣe, wọ́n fẹ àwọn ọ̀nà kí òkúta má tún dí wọn bí ilé bá wó. Ibi tí ìlà àtijọ́ bá ti wọ ojú ọ̀nà, ògiri tó sọnù lo ń wò yẹn. Má "tún un ṣe."

Túndé_Èbúté

Ti fọ́tò ńkọ́? Báwo lèèyàn á ṣe mọ ibi tí ẹni tó ya á dojú kọ?

Ìyá_Àkójọ

Òkè Bochali wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, òkun wà ní ìlà-oòrùn. Bí òkè bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, tí òkun wà lọ́wọ́ òsì, gúúsù lo dojú kọ. Bí ó bá yí padà, àríwá ni. Níbi tí o kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, wo òjìji: níbẹ̀ oòrùn ọ̀sán wà ní gúúsù, òjìji a máa nà sí àríwá.

Kí o tó gba òjìji gbọ́, wo àkọlé orí ṣọ́ọ̀bù. Bí lẹ́tà bá kọjú sódì, wọ́n ti yí fíìmù náà padà nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀tún ti di òsì. Níbi tí àkọlé kò bá sí, wo bọ́tìnì aṣọ ọkùnrin tó bá dúró nítòsí: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló yẹ kí bọ́tìnì wà.

Fún ọjọ́ orí káàdì, yí i padà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ìlà tó pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, tó jẹ́ àdírẹ́sì nìkan ló wà fún, ó ti wà kí ó tó di nǹkan bí 1905 sí 1907. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí káàdì lèyí sọ, kì í ṣe ti fọ́tò. Wọ́n lè ti ya fọ́tò kí 1893 tó dé, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún ogún ọdún lẹ́yìn tí ilé kan nínú rẹ̀ ti wó.

Kọ́lá_Onímọ̀lé

Mo fẹ́ sọ kiní kan nípa gbàgede tó wà níbẹ̀ lónìí, torí mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ayédèrú. Èyí kò tọ́. Àwọn tó tún ìlú náà kọ́ wà lórí òkìtì eérú, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ á tún mì. Wọ́n lo kọnkéré àti irin, wọn kò kọ́ ilé ga, wọ́n sì tún fi òpó àti àkọ̀ro sí etí òpópónà Alexandrou Roma, tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí Plateia Rouga, kí èèyàn lè máa rìn lábẹ́ ibòji bíi ti tẹ́lẹ̀. Àkọ̀ro náà kò gbé ẹrù mọ́, irin inú òpó ló ń gbé e.

Létí Platyforos gan-an, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Pantokrator wà kó tó wó, ni ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé Solomos wà báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Dionysios Solomos tó kọ ewì tó di orin orílẹ̀-èdè Gíríìsì sí. Corfu ló kú sí ní 1857, wọ́n gbé egungun rẹ̀ wálé ní 1865. Andreas Kalvos, akéwì kejì, ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú Louth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí ní 1869, 1960 ni wọ́n tó gbé e wá, nígbà tí ìlú ṣì ń tún ara rẹ̀ tò. Ẹni tó bá fẹ́ rí inú Pantokrator àtijọ́, kó lọ sí ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé ti Byzantine ní gbàgede Solomos: igi gbígbẹ́ tó wà níwájú pẹpẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n yọ ọ́ nínú àlàpà.

Ayọ̀_Máàpù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó kù kan: ìlà wo ni kí n fà, orúkọ wo ni kí n kọ?

Ṣadé_GIS

Ìlà tó ń lọ tààrà fún ohun tí o rí lórí máàpù àtijọ́ àti lórí ilẹ̀. Ìlà gígé-gígé fún èyí tó wà lórí máàpù nìkan. Ìlà tóótòòtó fún èyí tí o fa láti inú fọ́tò. Kọ ọdún máàpù sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìwé nìkan, torí àwọn èèyàn máa ń gé àwòrán kí wọ́n tó pín in.

Ìyá_Àkójọ

Kọ "Platyforos" sí ti àtijọ́, "Plateia Agiou Markou" sí ti òní. Má kọ "Piazza San Marco" nìkan. Ẹni tó bá fi ìyẹn wá a, gbàgede ńlá Venice ni gbogbo àwòrán tó máa jáde, ọ̀pọ̀ káàdì Zakynthos ló sì ti sọnù sáàárín wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Fi "Zante" kún un nígbà tí o bá ń wá káàdì, kí o tún fi lẹ́tà Gíríìkì wá a: Πλατύφορος.